Ìyá Òkè-Ọya Lórí Ilẹ̀ Ẹ̀kan

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dé láti Òkè-Ọya, ewúrẹ́ mẹ́ta ló bá a sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìparí ọdún 1991 ni. Ọyẹ́ ti mú, ètè gbogbo wa ti ń là. Mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi níwájú ilé wa ní Ìlódè, ni mo bá rí obìnrin gíga kan tó da ìborùn funfun borí, tó ń fi okùn fa ewúrẹ́ pupa mẹ́ta bọ̀. Àpò kan ṣoṣo ló gbé kọ́ èjìká. Mo rò pé ó ṣìnà ni.

"Ṣé ilé Àlàní nìyí?" ó bi mí.

"Òun náà ni, mà. Ta ni ẹ ń wá?"

Ó wo òrùlé páànù tó ti dípẹtà, ó wo ògiri tí òjò ti jẹ nídìí, ó sì rẹ́rìn-ín. "N kò wá ẹnì kankan. Ilé bàbá mi ni."

Bí mo ṣe pàdé Hàjàrá nìyẹn. Mùhámmẹ́d, ọkọ mi, ṣì ń lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí kúrò nílé. Oníṣòwò obì kan tó ń jẹ́ Dàúdà, ará Òkè-Ọya tó máa ń wá ra obì ní Ifẹ̀, ló fẹ́ ẹ, tó sì mú un lọ sí abúlé rẹ̀ lápá Dáúrà, nítòsí ààlà ilẹ̀ Nìjẹ̀r. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló lò lọ́hùn-ún. Ọkọ rẹ̀ ti wá ṣaláìsí, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ti dá ilé tiwọn sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ lo ìyókù ayé òun láàrin àwọn tó ń sọ èdè tí ìyá òun fi rẹ òun lẹ́kún.

Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, nítorí náà mo sọ ọ́ ní Ìyá Òkè-Ọya. Kí n má parọ́, n kò kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Yàrá tí mo ń kó aṣọ oníbàárà sí ni wọ́n fún un. Ẹ̀yìnkùlé tí mo ń sá aṣọ sí ló di ilé ewúrẹ́. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé kì í tú àwọn ewúrẹ́ náà sílẹ̀. Ní àdúgbò wa nígbà yẹn, ewúrẹ́ a máa jáde láàárọ̀ ni, a jẹ káàkiri, a sì mọ̀nà wálé bí ilẹ̀ bá ṣú. Tirẹ̀ wà nínú ọgbà tó fi igi ṣe, òun ló sì ń lọ já ewé wá fún wọn. Ó ń bá àwọn tó ń yan gààrí sọ̀rọ̀, wọ́n ń fún un ní èèpo ẹ̀gẹ́, á sá a sórí páànù títí yóò fi gbẹ ganrangan. Ní gbogbo òwúrọ̀, á gbá imí ewúrẹ́ jọ sínú àpò, bí ẹni tó ń gbá wúrà jọ.

Lọ́jọ́ kan mo ní, "Ìyá, ẹ ò ṣe kúkú tú wọn sílẹ̀ kí wọ́n wá oúnjẹ ara wọn, kí ẹ̀yin náà sì sinmi?"

"Àníkẹ́, ewúrẹ́ tó ń rìn kiri, ojú títì ló ń da ajílẹ̀ rẹ̀ sí," ó dá mi lóhùn. "Ṣé èèyàn á wá lọ kórè àgbàdo lójú títì ni?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ fi ọkàn kan jókòó tì í.

Kò pẹ́ tó fi béèrè ilẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ mi. Bàbá wọn ní oko kan lẹ́yìn Ìlódè, ìrìn nǹkan bíi ogójì ìṣẹ́jú sí ilé, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan tí òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Kòkó ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1983 tí ọ̀dá dá, tí iná ń jó oko káàkiri, gbogbo kòkó náà jóná tán. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn kan nínú ẹbí gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Wọ́n tún gbin ẹ̀gẹ́, wọ́n tún gbin ẹ̀gẹ́, títí tí ẹ̀gẹ́ fi ń ta bí ìka ọwọ́. Ni wọ́n bá pa á tì. Koríko ẹ̀kan, èyí tí ìdí rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, ló wá gba ibẹ̀.

Ọkọ mi, tó jẹ́ akọ̀wé ní iléèwé kan ní Òkè-Ogbó, kò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe wàhálà. "Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ yẹn ti kú," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n wá ṣọ́ọ̀bù kékeré kan fún yín, kí ẹ máa ta sítáàṣì àti ọṣẹ."

Hàjàrá gbé ife omi rẹ̀ kalẹ̀. "Mùhámmẹ́d, mo ti rí ilẹ̀ tó kú. Níbi tí mo ti ń bọ̀, òjò oṣù mẹ́ta péré là ń rí lọ́dún, tí kò bá sì wù ú, á rọ oṣù méjì, á bá tirẹ̀ lọ. A ṣì ń jẹun níbẹ̀. Ilẹ̀ tó ń rí òjò oṣù méje, ẹ ń pè é ní òkú?"

Wọ́n fún un ní ilẹ̀ náà. Mo rò pé ohun tó mú kó rọrùn fún wọn láti fún obìnrin ni pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ.

Ọdún àkọ́kọ́, ó kùnà. Ó ti di irúgbìn jéró sínú àpò rẹ̀ láti Dáúrà, ọkà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe fùrá lọ́hùn-ún. Òun ló gbìn sí apá kan ilẹ̀ náà lọ́dún 1992. Jéró náà hù, ó ga, ó yọ orí. Ni ẹyẹ ẹ̀ga bá dé. Wọ́n bà lé e bí òjò, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán láàrin ọjọ́ mẹ́ta. Ìwọ̀nba tí ẹyẹ fi sílẹ̀, òjò kò jẹ́ kó gbẹ, ó hu èébu lórí ìdúró. Mo bá a ká orí jéró kan ṣoṣo tó dára wálé. Lójú ọ̀nà, mo ń ronú ohun tí mo lè fi tù ú nínú, àmọ́ òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Òmùgọ̀ ni mí," ó wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo gbé oúnjẹ ibòmíì wá síbí. Ọgbọ́n ibẹ̀ ló yẹ kí n gbé wá. Àgbàdo àti ẹ̀wà tí ilẹ̀ yìí mọ̀, òun ni màá gbìn fún un."

Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1993, tí gbogbo àgbẹ̀ ń sinmi, tí wọ́n ń retí òjò, Hàjàrá gbé ọkọ́ rẹ̀ lọ sí oko. Ó gé ẹ̀kan lulẹ̀, kò sì fi iná sí i. Ó tẹ́ ẹ jọ. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò. Kòtò kọ̀ọ̀kan kò ju ibi tí abọ́ ìfọṣọ kan lè jókòó sí lọ. Ọ̀wọ́ kan á tẹ̀lé èkejì, kòtò ọ̀wọ́ òkè kò sì ní í dọ́gba pẹ̀lú ti ìsàlẹ̀. Erùpẹ̀ tó bá jáde, ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló ń kó o sí, kó ṣe bí ètè ìkòkò. Ó wá ń bu ajílẹ̀ ewúrẹ́ sínú kòtò kọ̀ọ̀kan, á fi ewé díẹ̀ bò ó, á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn òkúta tó ń rí, ó tò wọ́n ní ìlà la òkè náà kọjá.

Àlejò ojú oko rẹ̀ àkọ́kọ́ ni Bàbá Lágúnjú. Ilẹ̀ tirẹ̀ ló bá ti Hàjàrá pààlà. Yóò tó ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin nígbà yẹn, ó gbẹ, ó sì le bí igi ìrókò. Àgbẹ̀ kòkó gidi ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí iná ọdún 1983 ti jó oko rẹ̀ náà, ẹ̀gẹ́ díẹ̀ àti àgbàdo díẹ̀ ló kù tó ń ṣe. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á tiná bọ ìgbẹ́, á sì dúró pẹ̀lú kùmọ̀ de ọ̀yà àti eku tó bá sá jáde.

Ó dúró ní ààlà, ó wo àwọn kòtò náà lọ, ó wò wọ́n bọ̀. "Ọmọ Àlàní, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá. Ilé omi ni mò ń kọ́."

"Ilé omi. Lórí òkè."

"Ẹ wò ó, Bàbá, òjò ń rọ̀ síbí, àmọ́ ilẹ̀ ti le, kò sí ohun tó máa dá omi náà dúró. Kí ilẹ̀ tó lanu, omi ti sáré dé odò. Èmi fẹ́ kó jókòó díẹ̀ kó tó máa lọ."

Lágúnjú mi orí. Kò pẹ́ tí gbogbo ọ̀nà oko fi gbọ́ pé obìnrin kan ń gbẹ́ sàréè fún ewúrẹ́. Ọkọ mi gbọ́ ọ níbi iṣẹ́, inú bí i. Hàjàrá ní kó fi wọ́n sílẹ̀, pé ẹni tó bá ń fi èèyàn rẹ́rìn-ín kì í gbàgbé ibi tí oko onítọ̀hún wà.

Nígbà tí òjò dé, ó gbin àgbàdo sínú kòtò, ó gbin ẹ̀wà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó kó ẹ̀kan tó ti gbẹ lé ilẹ̀ tó wà láàrin. Ó gé ẹ̀ka igi agúnmánìyẹ̀, ó rì í mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òkúta, igi náà kò sì ní ìjọ̀ngbọ̀n, ó hù. Ewé rẹ̀ ni yóò máa gé fún ewúrẹ́ tó bá yá. Ìkórè ọdún yẹn kò pọ̀, àmọ́ ó tó wa jẹ. Ti ọdún 1994 tún sàn jù ú lọ. Ewé ẹ̀wà tó ti gbẹ àti pòròpórò àgbàdo, ó kó wọn sí aká kékeré kan fún oúnjẹ ewúrẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ewúrẹ́ náà ti di mẹ́rìnlá, ó sì ti kó wọn lọ sí oko, sínú ọgbà tó lágbára. Bó bá ti ṣiṣẹ́ tán, á so wọ́n mọ́ èèkàn yí ọgbà náà ká, kí wọ́n jẹ koríko ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ ibì kan tán, á tún èèkàn náà rì sí ibòmíì. Èmi náà, tó jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni mo mọ̀, ti ń lọ bá a lóko ní ọjọ́ Sátidé. N kò mọ ìgbà tí mo dẹ́kun bíbínú nítorí yàrá.

Oṣù kìíní ọdún 1995 ni iná jó wa.

Ọ̀sán gangan ni. Mo ru èèpo ẹ̀gẹ́ lọ sí oko, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú u sílẹ̀ ni imú mi gbọ́ èéfín. Atẹ́gùn ọyẹ́ ń fẹ́ kíkankíkan. Kí n tó yíjú, iná ti yọ ní ààlà Lágúnjú, ó ń dún páipái-pápápá bí ìbọn àwọn ọdẹ. Mo rí bàbá náà lókèèrè, ó ti sọ kùmọ̀ nù, ó ń fi ewé tútù nà án, ó ń kígbe. Iná kò gbọ́. Ó fo ààlà, ó kó sí àwọn ẹ̀kan tí Hàjàrá tẹ́ sílẹ̀, ó gbá a lọ bí ẹni ń ká ẹní. Ó kó sí aká, aká náà kò sì tó ìṣẹ́jú mélòó kan tó fi di eérú.

"Àwọn ewúrẹ́!" mo kígbe, mo fẹ́ sáré lọ ṣí ọgbà.

Hàjàrá di apá mi mú. "Má ṣí i! Inú iná ni wọ́n máa sá sí. Dúró!"

A dúró. Iná náà dé ibi tí wọ́n máa ń so àwọn ewúrẹ́ mọ́. Kò sí ohun tó máa jẹ níbẹ̀, nítorí ewúrẹ́ ti jẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ féfé, ilẹ̀ lásán ló kù. Iná náà yí ká, ó wá ọ̀nà, kò rí i, ó bá tirẹ̀ lọ sókè. Àwọn ewúrẹ́ náà ń ké nínú èéfín, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó kú nínú wọn.

Nígbà tó rọlẹ̀ tán, Hàjàrá jókòó sórí eérú. N kò tíì rí i kó sunkún rí, kódà nígbà tí wọ́n ń ṣe àdúrà ọlọ́dún fún ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ náà ó sunkún. Igi agúnmánìyẹ̀ tó ti ga jù mí lọ dúdú kíríkírí. Oúnjẹ ẹran tó yẹ kó tó títí di ìgbà òjò ti lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Lágúnjú wá sí Ìlódè. Kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ń bí ọkọ mi débi pé kò lè kí i. Ó ti pinnu láti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà àdúgbò.

"Iná sá mọ́ mi lọ́wọ́ ni," Lágúnjú wí. "Mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ yín. Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe?"

Gbogbo wa wo Hàjàrá. Ojú rẹ̀ wú, àmọ́ ohùn rẹ̀ balẹ̀. "Bàbá, n kò fẹ́ nǹkan yín. Ẹ gbé àdá yín wá, kí á jọ la ọ̀nà iná sí ààlà wa. Kó fẹ̀ tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, kó mọ́ dáadáa, kí iná má lè fò ó. Kí ẹ sì má tiná bọ ìgbẹ́ mọ́."

Mo rò pé yóò dúpẹ́. Ńṣe lojú rẹ̀ yí padà. "Kí n má tiná bọ ìgbẹ́ mọ́? Bàbá mi tiná bọ ìgbẹ́. Bàbá rẹ náà tiná bọ ìgbẹ́. Ìwọ tí o dé lánàá ni yóò wá kọ́ mi ní oko ríro?" Ó dé fìlà rẹ̀, ó sì lọ.

Ọkọ mi fò dìde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó jókòó. "Ojú ló ń tì í," ó wí. "Ojú tó ń ti ọkùnrin máa ń jọ ìbínú. Ẹ fún un láyè."

Ọjọ́ karùn-ún, èmi àti Hàjàrá ru èèpo ẹ̀gẹ́ lọ sí oko. Láti òkèèrè la ti ń gbọ́ ìró àdá. Lágúnjú ló wà ní ààlà, òun nìkan. Ó ti ṣán ibẹ̀ lọ tó ìdajì, ó sì fẹ̀ ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ẹ̀wù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Kò kí wa. Hàjàrá gbé ẹrù kalẹ̀, ó mú ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìdí koríko tí bàbá náà ti gé. Mo mú ìgbálẹ̀. Báyìí la ṣe é títí oòrùn fi dé àtàrí.

Nígbà tí a jókòó lábẹ́ igi ọsàn kan láti mu omi, Lágúnjú fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní lọ́dún 1983, ọjọ́ mẹ́rin lòun fi ń pa iná lóko kòkó òun. Ó ní ọjọ́ karùn-ún ló jó o. Bàbá òun ló gbìn ín, òun sì ni òun ń pọn omi sí ìdí rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré.

"Láti ìgbà náà," ó wí, "mi ò rí ilẹ̀ yìí bí ilẹ̀ mọ́. Mo ń sun ún ni. Bí mo bá ń sun ún, ó máa ń ṣe mí bíi pé kí ó jó tán pátápátá, kí n yé rántí."

Hàjàrá tún bu omi fún un. Ó wá ní, "Ọdún kejì sí ìgbà tí tiyín jóná, òjò kọ̀ jálẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Màlúù ọkọ mi mọ́kànlá ló kú. Ó gbé ẹní rẹ̀, ó lọ sùn sí ibi tí wọ́n ń so wọ́n mọ́, kò fẹ́ wọlé. Ìyá rẹ̀ àgbàlagbà ló lọ bá a, ó fún un ní ọkọ́, ó ní, 'Dìde, wá bá mi gbẹ́ kòtò.' Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ, Bàbá. Lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan tí ebi ń pa."

Lẹ́yìn ìyẹn, ó dìde lọ sí ọgbà, ó mú abo ewúrẹ́ kan tó lóyún jáde, ó fi okùn rẹ̀ lé Lágúnjú lọ́wọ́. "Ẹ gbà á ní àgbàsìn," ó wí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ àṣà wa mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹran ẹnì kan á wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹni náà á máa bọ́ ọ, ọmọ tó bá sì bí, wọn á jọ pín in. A kì í fi ẹran àgbàsìn lé ẹni tí a ń bá ṣọ̀tá lọ́wọ́. Lágúnjú wo okùn náà títí. "Èmi tí mo sun oúnjẹ wọn," ó wí.

"Ẹ̀yin náà ni. Kí ẹ mọ bí oúnjẹ wọn ti ń ná èèyàn tó. Ẹ má tú u sílẹ̀ o. Ẹ kọ́ ọgbà fún un."

Òjò dé ní oṣù kẹta, àwọn igi agúnmánìyẹ̀ tí a rò pé wọ́n ti jóná sì rú láti ìdí, ewé tútù yọ̀yọ̀. Lágúnjú kò gbẹ́ kòtò lọ́dún náà. Àgbàlagbà ni, kò lè gba gbogbo ìmọ̀ràn láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ rẹ̀ bí ìbejì, mo sì rí i pé ó ń gbá ajílẹ̀ rẹ̀ jọ sínú àpò, bí ẹni tí kò fẹ́ kí a rí òun. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún padà dé, ó gbẹ́ ọ̀wọ́ kòtò mẹ́ta, ní apá ibi tí kò sí ní ojú ọ̀nà.

Ọdún 1996 ni ọ̀rọ̀ náà wá hàn sí gbogbo ayé. Òjò yá lọ́dún náà, gbogbo èèyàn sì yára gbin àgbàdo. Nígbà tó di agbedeméjì oṣù karùn-ún, òjò dáwọ́ dúró. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Àwọn mùsùlùmí ṣàdúrà òjò ní pápá, wọ́n gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn oníṣẹ̀ṣe náà ṣe tiwọn. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ń lọ, ọ̀run ṣì mọ́ kedere. Àgbàdo tó wà lójú ọ̀nà oko ti ká ewé rẹ̀ jọ bí ẹni tí òtútù ń mú, ọ̀pọ̀ ti pọ́n.

Ọjọ́ kan, Lágúnjú wá pè wá láti ìdí ààlà. Ohùn rẹ̀ kò ṣe bíi tàtẹ̀yìnwá. "Hàjàrá! Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wá wo nǹkan."

Gbogbo àgbàdo rẹ̀ ló ti rọ, àyàfi ọ̀wọ́ mẹ́ta kan. Ọ̀wọ́ mẹ́ta náà dúdú, wọ́n dúró ṣánṣán. Lágúnjú ti kúnlẹ̀ sí ìdí ọ̀kan. Ó ṣí koríko tó bo kòtò náà, ó ki ìka rẹ̀ bọ ilẹ̀, ó bu díẹ̀ jáde. Erùpẹ̀ náà dúdú, ó tutù, ó ń lẹ̀ mọ́ra. Ó gbé e sí imú. Ó gbé e sí imú lẹ́ẹ̀kejì.

"Òórùn ilẹ̀ kòkó," ó wí. "Òórùn ilẹ̀ kòkó bàbá mi nìyí."

Hàjàrá bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun náà bu díẹ̀, ó gbóòórùn. "Mo wí fún Mùhámmẹ́d," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo ní kò kú."

Oko Hàjàrá fúnra rẹ̀, òkè náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tútù ni. Kì í ṣe pé ọ̀dá kò bà á. Ẹ̀wà tó wà ní apá òkúta gbẹ díẹ̀, àwọn àgbàdo kan kò sì lómọ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò tún padà dé ní oṣù keje, a kórè níbẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún gbìn. Àwọn tó pè é ní sàréè ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yà wá kí i. Wọn kì í béèrè ọ̀rọ̀ tààrà, wọn á ní àwọn ń kọjá lọ ni. Ògúndèjì, tí oko rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kọjá lọ báyìí ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láàrin ọ̀sẹ̀ kan, kó tó di pé Lágúnjú pariwo mọ́ ọn: "Tí o bá fẹ́ kọ́ ọ, gbé ọkọ́ rẹ wá! Ẹnu kì í gbẹ́ kòtò." Lágúnjú ló wá di olùkọ́ wọn ju Hàjàrá lọ. Tó bá ń ṣàlàyé bí omi ti ń sá àti bí a ti ń mú un jókòó, ẹ ó rò pé inú ìyá rẹ̀ ló ti mọ̀ ọ́n wá.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, àwọn olóko mọ́kànlá ló jáde láti la ọ̀nà iná ní apá ibẹ̀. Hàjàrá dáná ẹ̀wà fún wọn. Wọ́n jọ ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò ní tiná bọ ìgbẹ́ láàrin oṣù kejìlá sí ìgbà tí òjò bá rọ̀. Iná kò tún jó ibẹ̀ mọ́ títí di ìgbà tí mò ń kọ èyí. Ewúrẹ́ àgbàsìn ti tàn dé ilé mẹ́sàn-án ní Ìlódè, tí mo bá ka tèmi mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni o, mo ń sin ewúrẹ́. Aránṣọ tó ń yínmú sí ewúrẹ́ nígbà kan ti ń gba èèpo ẹ̀gẹ́ mọ́ àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ní ọdún 1998, Lágúnjú ra irúgbìn kòkó tó ti hù sínú ọ̀rá, ogójì péré, ó gbìn wọ́n sábẹ́ òjìji igi agúnmánìyẹ̀ tí òun náà ti rì sí oko rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti dára jù. Ọkọ mi bi í pé ṣé ó mọ iye ọdún tí kòkó fi ń dàgbà. Ó ní òun mọ̀ ju ọkọ mi lọ, kó má fi ọjọ́ orí dẹ́rù ba òun. Mẹ́fà kú nínú wọn. Ìyókù wà níbẹ̀.

Mo lọ sí oko ní òpin ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, ilẹ̀ ṣì rọ̀. Àwọn méjèèjì wà lẹ́nu iṣẹ́, Hàjàrá ń ju irúgbìn sínú kòtò, Lágúnjú ń fi ẹsẹ̀ bò ó. Mo dúró, mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn kúuṣẹ́, mo kí wọn kú oòrùn, mo béèrè àlàáfíà ewúrẹ́.

Hàjàrá kò tilẹ̀ gbé orí sókè. "Àníkẹ́, a ti gbọ́," ó wí. "Bọ́ bàtà rẹ, kó o wá mú ẹ̀wà dání. Òjò kì í dúró de ẹni tó ń kí ni."